Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Físíìsì Ilẹ̀-Ayé: Ohun tí Iṣẹ́ Ìwádìí Akẹ́kọ̀ọ́ Kan ní Ìbàràpá Fi Hàn

Ohun tí ó sún wa kọ àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe àpérò àwọn ọ̀mọ̀wé, bí kò ṣe ojú ìwé mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú wá sí ọ́fíìsì wa. Akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin yìí ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀ka ìmọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní jiofísíìsì. Ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ ni ó fi ń kàwé. Ọ̀kan nínú àdéhùn ẹ̀bùn náà ni pé kí ó kọ àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ àti àfojúsùn rẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi yé ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó ti kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó fún un lówó sì ti tẹ́wọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n abúlé kan ní Ìbàràpá ni ó ti ń ṣe ìwádìí náà, àti pé, lójú tirẹ̀, bí àlàyé kan bá yé àwọn olówó tí kò yé àwọn onílẹ̀, ààbọ̀ àlàyé ni. Ó tú u sí Yorùbá fúnra rẹ̀, ó kà á fún àwọn ará abúlé, ìpàdé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà rú. Ìdí nìyẹn tí ó fi wá bá wa.

A rò pé iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó parí, àṣìṣe tí ó sì burú jù lọ nínú ìwé náà, àwa onímọ̀ èdè ni a fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ sínú rẹ̀. A óò sọ bí ó ṣe rí nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Kì í ṣe òní ni àwọn onímọ̀ Yorùbá ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí. Iṣẹ́ ìdánwò tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, mú kí á wá orúkọ fún ohun púpọ̀ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú rẹ̀ jáde, ó sì fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ohun kan. Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, ẹni tí ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni ó tún ń lò ó ní kíláàsì; bí ọbẹ̀ náà bá níyọ̀ jù, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ fáànù ni a jókòó sí tí a ń ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò gbé e dé oko, ẹlòmíràn ni yóò sì ná owó lé ohun tí ó bá gbọ́.

Orúkọ ẹ̀kọ́ náà

Akẹ́kọ̀ọ́ wa pè é ní 'físíìsì ilẹ̀'. Kò burú ní ìwò àkọ́kọ́. Ilẹ̀ ni ó ń wò. Ilẹ̀ náà ni a sì ń sọ pé ó mì nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀, irú èyí tí ó dé bá Ìjẹ̀bú-Òde àti àyíká rẹ̀ ní oṣù Keje 1984, tí ó sì tún mi ẹkùn Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹsàn-án 2009. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń tẹ̀, tí a ń ro, tí a ń jà lé lórí ní kóòtù ni à ń pè ní ilẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò dúró níbẹ̀. Láti ojú ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé tó 6,371 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ni ihò tí ó jìn jù lọ tí ènìyàn tíì gbẹ́ kò ju nǹkan bí kìlómítà 12 lọ. Síbẹ̀, ní 1936, Inge Lehmann, obìnrin ará Dẹ́ńmáàkì, fi ìrìn ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ nìkan mọ̀ pé ọmọ inú kan wà nínú àárín ayé, tí ó yàtọ̀ sí ohun tí ó yí i ká.

Ẹ̀kọ́ náà a tún máa gòkè. Iná kan wà tí ó ń rìn ní ojú sánmà ní ọ̀sán, ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè, lórí àwọn ilẹ̀ tí ó súnmọ́ agbedeméjì òòfà ayé, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Sydney Chapman ni ó fún un lórúkọ ní 1951. Ní Ọdún Jiofísíìsì Àgbáyé, 1957 sí 1958, wọ́n ń wọn òòfà ayé ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Cyril Agodi Onwumechili, tí ó di Ọ̀gá Àgbà Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tí ó fi iná ojú sánmà yìí ṣe iṣẹ́ ìwádìí. A rí i nígbà náà pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ni kò tíì ní.

A kọ́kọ́ dábàá 'físíìsì ayé'. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ènìyàn yóò rò pé òun ń kọ́ nípa ìwà àwọn ọmọ aráyé. Òtítọ́ ni: nígbà tí Yorùbá bá ní ayé le, kì í ṣe òkúta ni ó ń wí. A wá so àwọn méjèèjì pọ̀, a sì pè é ní 'físíìsì ilẹ̀-ayé'. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ilẹ̀ oko àti àwọn ọmọ aráyé kúrò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èèkàn, iná àti àtakò

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí iṣẹ́ ìwádìí náà jẹ́ gan-an. Orí àpáta ni Ìbàràpá jókòó lé, àpáta tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Omi kì í gba inú irú àpáta bẹ́ẹ̀ bí kò bá là. Inú apá òkè rẹ̀ tí ó ti jẹrà, tàbí inú pàlàpálá rẹ̀, ni omi máa ń fara pamọ́ sí. Nítorí náà, ẹni méjì lè gbẹ́ kànga sí agbo ilé kan náà, kí ti ọ̀kan ní omi yíká ọdún, kí ti èkejì sì gbẹ kí oṣù Kejì tó parí. Àwọn tí ó bá rántí ohun tí sobìyà fi ojú àwọn ará Ìdèrè rí kí ọ̀rúndún ogún tó parí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ẹkùn yìí. Omi adágún ni wọ́n ń mu nítorí pé wọn kò rí òmíràn. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó jẹ́rìí sí i pé sobìyà ti tán ní Nàìjíríà. Sobìyà lọ, àìtó omi kò bá a lọ.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń wá ni ọ̀nà láti mọ ibi tí ó yẹ kí á gbẹ́ kí á tó gbẹ́ ẹ. Irin mẹ́rin ni yóò gún mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Iná láti inú bátìrì yóò gba irin ẹ̀gbẹ́ kan wọlẹ̀, yóò sì gba ti ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Àwọn méjì tí ó wà láàrin kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ìyàtọ̀ agbára iná láàrin ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n ń wọ̀n. Bí ó bá ṣe ń sún àwọn ti ẹ̀gbẹ́ jìnnà síra wọn ni iná yóò máa jìn sínú ilẹ̀ tó. Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Conrad Schlumberger ti ń dán irú rẹ̀ wò ní ilẹ̀ Faransé ní 1912, Frank Wenner sì kọ̀wé lórí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1915. Orúkọ àwọn méjèèjì ni a ṣì fi ń pe ọ̀nà méjì tí a ń gbà to àwọn irin náà, a kò sì rí ìdí tí a ó fi túmọ̀ orúkọ ènìyàn.

Orúkọ irin wọ̀nyí kò gba àkókò. Àwọn ọmọdé abúlé náà ni ó sọ wọ́n lórúkọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi òòlù gbá wọn wọlẹ̀: èèkàn. Èèkàn ni irin tàbí igi tí a gún mọ́lẹ̀ tí a so nǹkan mọ́, ì báà ṣe ewúrẹ́, ì báà ṣe wáyà. A ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó gùn tó apá kan sílẹ̀, a sì fa igi lé e. Èèkàn-iná ni a pe àwọn ti ẹ̀gbẹ́, èèkàn-ìwọ̀n ni a pe àwọn ti àárín.

Iná ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìpàdé àkọ́kọ́ jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú ẹ̀dà tirẹ̀ pé, 'A óò ti iná mànàmáná bọ ilẹ̀ yín láti mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀.' Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí à ń ti iná bọ: igbó ni, tàbí ilé ọ̀tá. Ìyá kan dìde, ó ní, 'Ọmọ mi, bí ẹ bá ti iná bọ ọ́ tán, níbo ni a óò gbin ẹ̀gẹ́ sí?' Kò ṣe àwàdà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà kò sì rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe náà kò sí lára ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí pé gbogbo wọn ni ó mọ iná mànàmáná. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó wà. A yí i padà sí 'A óò jẹ́ kí iná bátìrì rìn gba inú ilẹ̀', a sì fi kún un pé kò lè jó ewé, ṣùgbọ́n kí ọmọdé má ṣe fọwọ́ kan èèkàn nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. 'Ìṣàn iná' ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò fẹ́ kí á lò dípò 'ìrìn iná'. A kò kọ̀ ọ́ ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ó jẹ́ pé omi abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń sọ, bí o bá dárúkọ ohun tí ó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, omi ni olùgbọ́ yóò rò.

Ibi tí iṣẹ́ ti le gan-an ni èyí tí ó kàn. Nígbà tí iná bá ń rìn gba inú nǹkan, nǹkan náà a máa ṣòro fún un láti kọjá. Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1827. Akẹ́kọ̀ọ́ pè é ní 'ìdínà'. A kò fara mọ́ ọn, nítorí pé bí a bá dí ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò kọjá mọ́. Iná sì ń kọjá níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ìnira. 'Àtakò' ni a mú. Ẹni tí ó ń ṣe àtakò ń bá ọ jà, ṣùgbọ́n o ṣì ń lọ. Bí ẹgbẹ́ alátakò ti ń ṣe ní ilé ìgbìmọ̀ nìyẹn, àwọn ìjọba a sì máa ṣe ohun tí wọ́n fẹ́.

Àmọ́ oríṣi ohun méjì ni ó wà níbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì fi ìparí ọ̀rọ̀ lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Mú wáyà bàbà méjì, kí ọ̀kan gùn kí ó sì tín-ín-rín, kí èkejì kúrú kí ó sì nípọn. Àtakò ti àkọ́kọ́ yóò pọ̀ ju ti èkejì lọ. Bàbà kan náà ni àwọn méjèèjì! Àtakò tí ó ti ara gígùn àti títóbi wá jẹ́ ti wáyà yẹn nìkan. Èyí tí ó ti ara pé ó jẹ́ bàbà wá jẹ́ ti gbogbo bàbà níbi gbogbo. Onímọ̀ físíìsì ilẹ̀-ayé kò ní ìlò fún èyí àkọ́kọ́ bí kò ṣe láti dé ọ̀dọ̀ èkejì, torí pé ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni irú ohun tí ó wà nísàlẹ̀: amọ̀ ni, yanrìn ni, tàbí àpáta? Níbí ni èdè wa ti ràn wá lọ́wọ́ ju bí a ti rò lọ. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ìṣe, tí í ṣe ohun tí ẹnìkan ṣe ní ọjọ́ kan, àti ìwà, tí í ṣe ohun tí ó wà lára rẹ̀ níbikíbi tí ó bá lọ. Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé pé láti ara 'wà' ni ìwà ti wá. A wá pe ti ohun kan pàtó ní 'àtakò', a sì pe ti irú ohun náà ní 'ìwà-àtakò'. Ọ́ọ̀mù ni a fi ń wọn ti àkọ́kọ́, ọ́ọ̀mù-mítà ni a fi ń wọn ti èkejì. Ìwà-àtakò omi òkun kò tó 1. Ti amọ̀ sábà máa ń wà láàrin 1 sí 100. Ti àpáta tí kò là a máa kọjá 1,000 dáadáa. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kà á ní abúlé pé 'olúkúlùkù ilẹ̀ ni ó ní ìwà tirẹ̀ sí iná', kò sí ẹni tí ó béèrè ìbéèrè. Wọ́n kàn mi orí.

Ó kù ọ̀kan tí a ti bá ara wa jiyàn. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń gbé jáde kì í ṣe ìwà-àtakò amọ̀ tàbí ti àpáta. Inú gbogbo wọn ni iná rìn gbà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe nọ́ńbà yìí. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wà, 'àfojúrí' ni yóò jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú kankan kò rí i. A dábàá 'àdàpọ̀'. Akẹ́kọ̀ọ́ ní, 'Rárá, sà. Bí ẹ bá da omi gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù, ohun tí ẹ óò rí yóò wà láàrin méjèèjì. Nọ́ńbà yìí kò fi dandan wà láàrin. Bí amọ̀ àti àpáta bá dúró ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lè ga ju ti gbogbo ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ náà lọ.' Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ìwà tí ilẹ̀ náà ìbá ní bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀. A kà á sí bẹ́ẹ̀ ni, a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu rẹ̀ ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà: 'ìwà-àtakò àkàsí'. Òun ni ó jàre.

Ní ti àwọn ìpele ilẹ̀, a kò ṣẹ̀dá nǹkan kan. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní 'àpáta tí ojú-ọjọ́ ti bà jẹ́', èyí tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ agbádá. Baba agbẹ́kànga kan ní abúlé náà ní àpáta tí ó ti jẹrà ni. Ó ní ọkọ́ a máa wọ̀ ọ́ bí iṣu tí ó ti rà. Yangí ni òkè, lẹ́yìn náà amọ̀, lẹ́yìn náà àpáta jíjẹrà, lẹ́yìn náà àpáta tútù. Ó to wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé ẹ̀kọ́ ti tò wọ́n, láìka ìwé kankan.

Ẹ̀rọ kò rí omi

A ti ṣèlérí láti sọ àṣìṣe tiwa. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra gidigidi. Ó kọ ọ́ pé nọ́ńbà kékeré lè jẹ́ àmì pé omi wà. Nínú Yorùbá tirẹ̀, gbólóhùn náà wúwo, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. A tún un kọ. A ní, 'Nípa iṣẹ́ yìí, a óò rí omi tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀.' Ó dùn ún kà, ó sì já geere. Ní ìpàdé kejì, tí àwa náà jókòó sí, a kà á jáde tìgbéraga-tìgbéraga. Baálẹ̀ dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, 'Èyí tí àwọn kan gbé wá níjọ́sí náà rí omi. Ṣé ojú tiyín mú jù ú lọ ni?'

Ìgbà náà ni a tó gbọ́ ìtàn náà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn kan gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n sì ní ẹ̀rọ ti rí omi. Àwọn ará abúlé dáwó. Àwọn obìnrin tí ó ń ṣe gàrí náà dá tiwọn. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, amọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, omi tí ó jáde kò sì la ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ já. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò purọ́. Ìwà-àtakò amọ̀ kéré, ti àpáta jíjẹrà tí ó gba omi sára náà kéré: nọ́ńbà kan náà, ohun méjì. Amọ̀ a máa mu omi ṣùgbọ́n kì í tú u sílẹ̀. Ẹni tí ó purọ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, 'rí'.

Ó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ni ní gírámà mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú Yorùbá, ẹni tí ó bá ní 'mo rí i' ti jẹ́rìí. Kò sí àyè fún 'bóyá' mọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà fún ẹni tí kò tíì rí: ó fura, ó jọ ọ́ lójú, ó ṣe é bí ẹni pé. Kí ni ó dé tí a fi kọ 'rí'? A gbà pé ìwé kíkọ ti yunifásítì ni ó bà wá lẹ́nu jẹ́. 'A rí i pé' ni à ń kọ ní gbogbo ojú ìwé. Òǹkàwé tí ó bá padà sí òkè yóò bá a nínú àpilẹ̀kọ yìí gan-an, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ Ìbàdàn. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó lè jẹ́rìí takò wá. Lójú àwa àti àwọn ẹgbẹ́ wa, kò ju 'a parí èrò sí' lọ. Lójú ẹni tí yóò dáwó, ojú ni a fi rí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún Baálẹ̀ pé ẹ̀rọ òun kò rí omi, pé ìwà ilẹ̀ ni ó ń wọ̀n, pé láti ara ìwà náà ni òun fi ń fura, àti pé òun lè ṣi í. Ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò lé òun. Baálẹ̀ ní, 'Ẹ kúkú sọ pé òjò ṣú ni. Ẹ kò ní ó rọ̀.' Àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi kún un pé òjò tí ó ṣú lè má rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí obìnrin tí ó sá ẹ̀lúbọ́ síta tí kì í kó o wọlé bí ó bá ti ṣú. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yé gbogbo wọn, ó sì yé àwa náà. Wọ́n fún un láyè láti tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní kò sí ìdáwó kankan títí òun yóò fi wá sọ fún wọn bí òjò náà ti ṣú tó ní ibi kọ̀ọ̀kan.

A kò sọ 'òjò ṣú' di ọ̀rọ̀-ìperí o. Àfiwé ni, àfiwé a sì máa gbó. 'Àmì omi' ni ohun tí ó wà nínú ìwé náà nísinsìnyí, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a sì yàn fún ẹ̀rọ ni 'wọ̀n', èyí tí a yàn fún onímọ̀ ni 'fura'. Ẹ̀rọ ń wọ̀n, onímọ̀ ń fura, ọkọ́ nìkan ni ó ń rí. Ìmọ̀ràn wa fún àwọn olùtumọ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe fi ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan kún ìwé atúmọ̀ èdè-ìperí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rìn yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pàápàá nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ pé ohun tí a kò lè fojú rí ni wọ́n ń sọ. Oníṣègùn tí ó ń wo àwòrán inú ara wà nínú ewu kan náà.

Ní ti àfojúsùn akẹ́kọ̀ọ́ wa, kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà ní abúlé méjì sí i kí owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó tán. Ó fẹ́ kọ gbogbo kànga tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó lómi àti èyí tí kò lómi, kí ó lè fi wọ́n dán nọ́ńbà tirẹ̀ wò. Ó ní àwọn tí ń gbẹ́ kànga kì í fẹ́ dárúkọ èyí tí ó kùnà, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ó kùnà ni yóò kọ́ òun jù lọ bí a ṣe ń mọ amọ̀ yàtọ̀ sí àpáta jíjẹrà. Lẹ́yìn náà ni yóò ya àwòrán ilẹ̀ ẹkùn náà, tí àlàyé ara rẹ̀ yóò wà ní Yorùbá, ẹ̀dà kan yóò sì wà lọ́wọ́ Baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó fún un lówó kò béèrè fún èyí. Ó ní òun yóò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń wá orúkọ lọ́wọ́ wa: ìpele ilẹ̀ tí ó ń gba omi sára tí ó sì ń tú u sílẹ̀ fún kànga. 'Ilẹ̀ olómi' kò tó, nítorí pé amọ̀ náà jẹ́ olómi. A fẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ní gbígbà àti títú sílẹ̀ nínú pọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti wà lẹ́nu àwọn agbẹ́kànga ní Èkìtì, ní Òkè-Ògùn, tàbí lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olótùú, kí ó sì fi orúkọ ìlú àti irú ilẹ̀ tí ó ti gbọ́ ọ kún un. Wọn kò tíì gbẹ́ kànga abúlé náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń dúró dè.